Ẹ́ńjìnnì tó ń kú fúnra rẹ̀ níbi iná adarí ọkọ̀: ẹ kọ́kọ́ bi bátìrì léèrè

Ìbéèrè: Mo ra ọkọ̀ àlòkù kan tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Bí mo bá dúró níbi iná adarí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kú. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á tún jí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ń ba sítátà àti ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò kú mọ́. Àmì A kan tí wọ́n fa ìlà gbá ni mò ń rí lórí dáṣíbọọ̀dù. Ẹni tó ń ta bátìrì ní kí n pààrọ̀ bátìrì, ó ní bátìrì lásán tí kò wọ́n náà ti tó. Ṣé kí n gbà? Àbí kí n kúkú ní kí rẹwáyà bá mi yọ gbogbo ẹ̀ kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Sítátà yín kò sí nínú ewu. Ẹ má ra bátìrì lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà kankan. Orí bátìrì ni ètò tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó sì ń jí i yẹn (start-stop ni wọ́n ń pè é) dúró lé, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ara bátìrì kò bá yá. Bó bá ti kọ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún yín: bátìrì ti ń rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ṣì ń sítáàtì dáadáa láàárọ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Toyota ti gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Crown ní 1974, Volkswagen náà fi í sí Golf kan ní àwọn ọdún 1990, Citroën sì gbé e sí C3 ní 2004. Ẹ̀yìn ìyẹn, nígbà tí òfin èéfín le sí i ní Yúróòpù, ló wá di ohun tó kárí. Ìṣirò ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Ẹ́ńjìnnì tó ń kùn lójú kan máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì líta sí líta kan epo ní wákàtí kan, láìgbé ẹnikẹ́ni débì kan. Ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà wọn èyí, wọ́n sì rí i pé bí ọkọ̀ bá máa dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, kí a pa ẹ́ńjìnnì ká tún un jí ló ń jẹ epo kéré jù. AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ níbẹ̀, dán ètò yìí wò, èrè epo tí wọ́n rí sì wà láàárín ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni èrè yẹn wà o. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà márosẹ̀ ló ń rìn ṣáá kò ní rí nǹkan kan tó ṣeé kà.

Nínú ọkọ̀ bíi tiyín, bíréèkì ló ń pa á, bíréèkì náà ló ń jí i. Nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ó dìgbà tí ẹ bá fi jíà sí fírì tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì kó tó kú. Títẹ kílọ́ọ̀ṣì padà ló ń jí i. Awakọ̀ tó bá fi jíà kìíní sílẹ̀ tó di kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ níbi iná yóò máa rò pé tirẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́ (ó sì ń fi béárìn kílọ́ọ̀ṣì jó, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn).

Kí ọpọlọ ọkọ̀ (ìyẹn kọ̀ḿpútà inú rẹ̀) tó gbà kí ẹ́ńjìnnì kú, ó ní ohun tó ń wò. Ṣé omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó? Ṣé awakọ̀ de bẹ́líìtì, ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní títì? Ṣé síárìn kò yí sápá kan jù? Ṣé ibi tí ọkọ̀ dúró kò ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù? Ṣé agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ṣì kù nípamọ́? Ṣé inú ọkọ̀ ti tutù tàbí móoru tó bí awakọ̀ ṣe fẹ́? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ṣé kì í ṣe pé ó ń jó ẹ̀gbin inú àsẹ́ èéfín lọ́wọ́? Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá kan bátìrì: ṣé iná inú rẹ̀ tó láti tún jí ẹ́ńjìnnì yìí, kí ó sì gbé rédíò, iná, fáànù àti síárìn ró títí dìgbà náà? Bí ẹyọ kan péré nínú wọn bá wí pé rárá, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ó sì rí A tó ní ìlà.

A/C ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ A/C. Ẹ́ńjìnnì kú, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ náà dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń fẹ́ ìyókù òtútù. Bí ooru bá mú, láàárín ìṣẹ́jú kan òtútù yẹn ti tán, ọpọlọ ọkọ̀ á sì jí ẹ́ńjìnnì láìdúró de ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá yí A/C sí ibi tó tutù jù lọ, tàbí tí ẹ tẹ èyí tó ń nu ìrì kúrò lójú gíláàsì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní gbà kí ẹ́ńjìnnì kú rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ń fún bíréèkì ní fífún díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú: ẹ ń ná agbára tó wà nípamọ́ fún bíréèkì, tó bá sì kéré, ẹ́ńjìnnì á jí láti tún un kó jọ. Kò sí àbùkù kankan nínú gbogbo èyí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan lójú ọ̀nà tó ń já geere, kì í ṣe nínú gó-sílóò. Ẹ pa A/C. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí síárìn wà ní ọ̀gangan, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ dúró, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa. Bó bá kú, ara bátìrì ṣì dá díẹ̀, ìrìn kúkúrú ló ń pa á lébi. Bó bá ṣì kọ̀, tí ó sì kọ̀ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta bákan náà, ẹ lọ yẹ bátìrì wò. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ máa ń kọ ìdí rẹ̀ sójú dáṣíbọọ̀dù bí ẹ bá wá ibẹ̀ nínú ètò rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Sítátà ńkọ́, ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Ìbẹ̀rù yín tọ́ bó bá jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n kàn fi ètò yìí sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé sítátà yìí lè ṣiṣẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ọkọ̀ lásán. Nítorí náà wọ́n ṣe eyín rẹ̀, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ àti béárìn rẹ̀ kí wọ́n lè pẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó lè gbá ẹ́ńjìnnì mú nígbà tí kò tíì dúró yíyí tán. Èyí wúlò nígbà tí ẹ bá ń dúró lọ tí iná sì yí sí àwọ̀ ewé lójijì. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lo sítátà fún un. Nínú àwọn Peugeot àti Citroën tí wọ́n pè ní e-HDi, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) ló ń fi bẹ́líìtì yí ẹ́ńjìnnì jí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bátìrì fóòtì 48 kún. Mazda ní tirẹ̀ máa ń dá písítìn dúró síbi tó fẹ́ gan-an, á wá fọ́n epo sínú sílíńdà á sì dáná sí i, kí iná yẹn bá sítátà ti ẹ́ńjìnnì, ìṣẹ́jú-àáyá 0.35 ni wọ́n ní ó ń gbà.

Béárìn inú ẹ́ńjìnnì ni ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá jù, nítorí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni ọ́ìlì àárín irin àti irin máa ń fẹ́lẹ́ jù. Nínú ọkọ̀ onírú ètò yìí, wọ́n máa ń fi nǹkan pàtàkì bo ojú béárìn nítorí èyí, ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún ìṣẹ́jú kan kò sì tíì gbẹ ọ́ìlì lára bíi ti èyí tó sùn mọ́jú. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín ni ọ́ìlì. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní 0W-20 tàbí 5W-30, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yí i nígbà tó yẹ. Ọ́ìlì tó ki jù ń pẹ́ kó tó dé ibi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì yín ń sítáàtì lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́.

Ní ti tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń ní páǹpù iná tó ń darí omi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kú, ọpọlọ ọkọ̀ kì í sì í gbà láti pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò kíkankíkan. Jíàbọ́ọ̀sì náà ní páǹpù kékeré tàbí ibi ìtọ́jú ọ́ìlì tó ń mú un gbára dì. Bí ọkọ̀ bá ń ta gìjà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jí, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó gbé ẹ́ńjìnnì ró (engine mount) tàbí ọ́ìlì jíàbọ́ọ̀sì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má di í ru ètò yìí.

Bátìrì gan-an

Ibí ni owó yín lè sọnù sí. Bátìrì lásán, iṣẹ́ kan ni wọ́n ṣe é fún: kó tu iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀, kí alternator sì tètè dá a padà, kó wà ní kíkún títí dìgbà mìíràn. Ọkọ̀ tiyín kì í jẹ́ kó wà ní kíkún. Ó ń sítáàtì ní ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́, láàárín wọn bátìrì nìkan ló ń gbé rédíò, iná àti fáànù. Alternator rẹ̀ náà gbọ́n: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, á mọ̀ọ́mọ̀ fi bátìrì sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àyè lè wà láti kó iná tó ń jáde nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀-epo tàbí tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì. Bátìrì lásán tó ń gbé ayé àìkún yìí, ásíìdì tó ki inú rẹ̀ á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ti òkè á di omi ṣánṣán, nǹkan funfun líle á sì máa mú òjé pléètì rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti le, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Kò sí ṣájà tó lè tú u tán. Oṣù díẹ̀ ni irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò nínú ọkọ̀ yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n.

Irú méjì ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ bíi tiyín, orúkọ wọn sì wà lára bátìrì: EFB àti AGM. EFB ṣì jẹ́ bátìrì olómi, ṣùgbọ́n wọ́n fún pléètì rẹ̀ lókun, wọ́n sì fi aṣọ tín-ín-rín bò ó kí òjé má baà já sílẹ̀. AGM kò ní omi tó ń mì. Òwú gíláàsì ló fa ásíìdì mu láàárín pléètì, wọ́n sì dì í pa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i bu omi sí i. AGM ló ń fara da kí a máa fa iná kí a sì máa dá a padà jù. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sábà gbé e sí búùtù tàbí abẹ́ àga, tí EFB sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan ní àkọlé tiwọn, bíi M-42, N-55, Q-85 tàbí S-95; bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lára bátìrì àtijọ́, òun kan náà ni kí ẹ wá.

Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ tó bá AGM wá, AGM ni kó máa lò. Ọkọ̀ tó bá EFB wá lè lo EFB mìíràn. Ó tún lè gba AGM bí ibi tó ń gbé kò bá gbóná jù, tí ẹ sì jẹ́ kí ọpọlọ ọkọ̀ mọ̀ pé ẹ ti yí i. Láti AGM sọ̀kalẹ̀ wá sí EFB, rárá. Sí bátìrì lásán, ká má tilẹ̀ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ búùtù tàbí inú ọkọ̀ ni bátìrì ń gbé, ẹ rí i pé wọ́n so ọ̀pá afẹ́fẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà, nítorí gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde lè gbiná.

Kí ẹ tó gbà pé bátìrì ti kú, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tì í, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, tàbí ó kéré tán wákàtí mẹ́rin. Ẹ wá fi mítà wọn orí méjèèjì láìṣíná. Fóòtì 12.7 sókè, ó kún. AGM lè tó 12.8 tàbí kó lé. Nǹkan bí 12.5, kò burú fún ọkọ̀ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi bátìrì sílẹ̀ ní àìkún. 12.2, ó ti tó ìdajì, ètò yìí kò sì ní ṣiṣẹ́. Kí ẹnìkejì sítáàtì ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń wo mítà: bó bá já wálẹ̀ sí ohun tó kéré sí 9.6 bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bátìrì náà ti ń rẹ̀. Ẹ̀rọ ìdánwò tí àwọn rẹwáyà máa ń lò tún dára ju ìyẹn lọ, bí wọ́n bá yí i sí EFB tàbí AGM, tí wọ́n sì tẹ nọ́ńbà agbára ìsítáàtì tó wà lára bátìrì (èyí tí A parí rẹ̀, bíi 760A) sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ sí ti bátìrì lásán, irọ́ ni yóò pa. Bí bátìrì tó kún kò bá lè mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nọ́ńbà yẹn wá mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. Ẹnìkan á fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á rí 12.6 tàbí 12.8 dípò 14, á ní alternator ti kú. Nínú ọkọ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ọkọ̀ ló ní kí alternator sinmi fún ìgbà díẹ̀ láti dín epo kù. Ẹ tan iná iwájú, ẹ fi fáànù sí òkè, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Alternator tó dára ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti tú dànù nítorí àìmọ èyí.

Bó bá jẹ́ àìkún ló ń ṣe bátìrì, ṣájà lè dá a padà. Ẹ lo èyí tó ní ipò AGM tàbí EFB, fóòtì 14.4 sí 14.8 ni AGM ń fẹ́, ẹ má fi í sí ipò ìtúnṣe tó ń gun kọjá 15. Iná tó ń wọlé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n bátìrì (iye Ah tí wọ́n kọ sára rẹ̀) lọ: fún 70Ah, ámpù 7 tàbí kó dín. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú.

Ibi tí ẹ máa so ó mọ́ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ẹ wo orí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ ó rí nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan lára ìdè rẹ̀, tí wáyà tín-ín-rín kan tàbí méjì já sí. Sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Òun ló ń ka gbogbo iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, ó sì ń wo bí bátìrì ṣe gbóná tó. Bí ẹ bá fi ẹnu ṣájà dúdú bọ orí nẹ́gẹ́tíìfù gan-an, iná á wọ bátìrì láìgba ojú sẹ́ńsọ̀ kọjá. Bátìrì á kún, ọpọlọ ọkọ̀ á ṣì gbà pé ebi ń pa á, A tó ní ìlà á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnu pupa lórí pọ́sítíìfù, ẹnu dúdú lára irin ọkọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà jọ́ńpù ú lára ọkọ̀ mìíràn.

Bó bá di pípààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ so ó kẹ́yìn. Ẹ má gbá sẹ́ńsọ̀ yẹn ní hámà, ẹ má sì fi ipá yí i; inú rẹ̀ ò nípọn. Lẹ́yìn náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pàápàá BMW, Audi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ẹ gbọ́dọ̀ fi sìkánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀) forúkọ bátìrì tuntun sílẹ̀: irú rẹ̀ àti iye Ah rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, ọkọ̀ á máa fún bátìrì tuntun ní iná bíi ti arúgbó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bátìrì tuntun á sì tètè darúgbó. Àwọn ọkọ̀ kan kò béèrè ju kí a pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́ lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ ti ọkọ̀ pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má ṣí i fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí sẹ́ńsọ̀ lè rí bátìrì nígbà tí ohunkóhun kò fa iná. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbi iná; ẹ má sáré padà lọ bá ẹni tó tà á. Bí gíláàsì fèrèsé kò bá gòkè fúnra rẹ̀ mọ́, tàbí iná síárìn bá tàn, ìwé ọkọ̀ máa ń sọ bí ẹ ṣe lè kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ tún béèrè bí bátìrì kejì bá wà. Ọ̀pọ̀ Mercedes-Benz ní ọ̀kan kékeré, Jeep Wrangler JL náà ní. Bí kékeré yẹn bá kú, àgbà lè wà ní tuntun kí ètò yìí ṣì kọ̀.

Bí bátìrì tuntun náà bá tún ń rẹ̀, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi mọ́. Ó lè jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójoojúmọ́, tàbí kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ iná tí kì í kú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn tán, ìyẹn nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn títì, iná tó ń jò kò yẹ kó ju mílíámpù 50 lọ.

Ṣé kí ẹ yọ ọ́ kúrò?

Bọ́tìnì tó ní A wà nítòsí ibi jíà tàbí lórí dáṣíbọọ̀dù. Tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé bí ẹ bá pa ọkọ̀ tí ẹ tún un ṣí, á ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọn epo àti èéfín ọkọ̀ náà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ lè darí rẹ̀: ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ kàn dúró, ẹ́ńjìnnì kò ní kú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, á kú. Ó wúlò nígbà tí ìlà ọkọ̀ ń rá pálá, nítorí kò sí èrè nínú kíkú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa wà ní pípa títí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ àárín bọ́tìnì àti wáyà rẹ̀, tó ń rántí ibi tí ẹ fi í sí kẹ́yìn. Kò gé nǹkan kan, ẹ sì lè yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fún yín ní wárántì, bí ẹ bá ní in. Èyí tí mo lòdì sí ni kí rẹwáyà yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ bátìrì, tàbí kó tú swíìṣì bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ lè máa rò pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí. Ti àkọ́kọ́ sọ alternator di afọ́jú, ti èkejì sì lè da áláàmù rú. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: pípa ètò yìí kò sọ bátìrì lásán di èyí tó bójú mu. Alternator ọlọgbọ́n yẹn ṣì wà níbẹ̀, á ṣì máa fi bátìrì sílẹ̀ ní àìkún.

Ewu kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ́ńjìnnì tó kú fúnra rẹ̀ kò tíì kú tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jí bí ẹ bá ti tú bẹ́líìtì tí ẹ ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, àti pàápàá kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì àti fáànù.

Ní tiyín, ẹ ṣe ìdánwò wákàtí kan yẹn, ẹ fi ṣájà kún bátìrì mọ́jú pẹ̀lú ẹnu dúdú lára irin ọkọ̀, ẹ tún wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí A bá ṣì ní ìlà tí ẹ̀rọ ìdánwò sì ní bátìrì ti tán, ẹ ya fọ́tò ara bátìrì àtijọ́, tàbí kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, bíi AGM, 70Ah, 760A, L3 (bí àpótí rẹ̀ ṣe tóbi tó), àti apá ibi tí orí pọ́sítíìfù wà, kí ẹ sì fi ìwé ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ àlòkù ni, ẹni tó ni ín ṣáájú lè ti fi èyí tí kò yẹ sí i. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń ta bátìrì, ẹ bi í bóyá ó ní irú rẹ̀ gan-an, bóyá ó sì ní sìkánà tí yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dá yín lóhùn pé "bátìrì, bátìrì náà ni", ẹ kí i dáadáa, kí ẹ gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ.